Àyè láti kọjá lọ síbi kànga: bí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣe ń pín ogún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Massachusetts ni mò ń gbé. Nílé ìkàwé ìlú kékeré kan nítòsí wa, wọ́n pàtẹ ẹ̀dà wíìlì àgbẹ̀ kan tó kú ní nǹkan bí ọdún 1740. Ọkùnrin yìí fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ilé àti oko. Ìyàwó tó bímọ fún un, yàrá kan ló fún un ní apá ìwọ̀-oòrùn ilé, pẹ̀lú màálù kan, igi ìdáná, àyè láti kọjá lọ síbi kànga, àti àyè láti yan búrẹ́dì nínú ààrò, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan gba ṣílè 5 péré. Inú bí mi títí mo fi délé. Ṣé ọkùnrin yìí kórìíra ìyàwó rẹ̀ ni? Ṣé òótọ́ ni pé àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ogún láyé ìgbà yẹn? Ṣé wọn kò ní ilé ẹbí bíi tiwa ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, arábìnrin wa. Mi ò rò pé ó kórìíra rẹ̀. Ẹni tó kórìíra ìyàwó rẹ̀ kì í rántí kànga nígbà tó bá ń kú lọ. Àwọn nǹkan kéékèèké tó bí yín nínú yẹn gan-an ni ààbò obìnrin náà. Ohun tó yẹ kó bí wa nínú wà níbòmíràn, inú òfin tó mú kí obìnrin nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ló wà.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà kó dání. Nínú òfin yẹn, lọ́jọ́ tí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, òun àti ọkọ rẹ̀ di ẹnì kan ṣoṣo, ọkọ sì ni ẹnì kan ṣoṣo náà. Owó tó mú wá, màálù, ìkòkò, aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ ti di ti ọkọ. Bó bá jogún ilẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọkọ kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé ìyàwó fọwọ́ sí i, àmọ́ ọkọ ló ń dáko níbẹ̀, òun ló sì ń kó èrè rẹ̀. Obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè pe ẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ wíìlì àyàfi bí ọkọ bá gbà fún un.

Ìgbà tí ọkọ bá kú ni ọ̀rọ̀ yóò yí. Òfin fún opó ní ìdámẹ́ta ilé àti ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ kó máa lò ó títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kó máa lò ó ni mo wí o. Kò lè tà á, kò lè fi tọrẹ, kò lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Bó bá ti mí kanlẹ̀, ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajogún ọkọ. Ní Massachusetts, òfin ọdún 1692 tún fi kún un pé bí ọkọ bá kú láì kọ wíìlì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbèsè rẹ̀, ìdámẹ́ta ẹrù tó ṣeé gbé di ti opó pátápátá.

Ẹ wá wo apá kejì rẹ̀, èyí tó máa ń dùn mí jù nínú gbogbo òfin yìí. Bó bá jẹ́ ìyàwó ló kọ́kọ́ kú, tí wọ́n sì ti bí ọmọ kan láàyè nínú ìgbéyàwó náà, gbogbo ilẹ̀ tí ìyàwó jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ọkọ yóò máa lò títí òun náà yóò fi kú. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ìdámẹ́ta ni fún obìnrin tó bá ṣẹ́kù, odidi ni fún ọkùnrin.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń pín ìdámẹ́ta ilé? Kọ́ọ̀tù á yan àwọn ọkùnrin mélòó kan láàrin àwọn aládùúgbò tó ní ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí á wọ inú ilé olóògbé, wọ́n á wò ó yíká, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: yàrá iwájú ní apá ìlà-oòrùn jẹ́ ti opó, ìdajì yàrá òkè tó wà lórí rẹ̀, igun kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó àgbá ọtí ápù sí, àyè láti gba ilé ìdáná kọjá lọ síbi kànga, àyè láti lo ààrò, apá kan nínú abà fún koríko màálù rẹ̀, ìlà igi ápù mélòó kan lẹ́yìnkùlé. Ilé kan náà ni o, ilé tí obìnrin yẹn ti ń gbálẹ̀ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n wá fa ààlà sí àárín rẹ̀.

Ta ló wà lódìkejì ààlà náà? Ọmọ rẹ̀ ni, àti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ilé tuntun ló ni ilé ìdáná báyìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé gbé e ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, àmọ́ bàbá tó ń kú lọ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ń gbé Massachusetts, ẹ mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí ní oṣù January. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n bá sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó má gba ilé ìdáná kọjá mọ́, ọ̀nà wo ló máa gbà dé kànga? Ta ló máa la igi fún un?

Nítorí náà ni wíìlì fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka owó. Ẹ máa rí àwọn mìíràn tó pàṣẹ pé kí ọmọ gé igi náà níwọ̀n tó bá ojú ààrò mu, kó sì kó o dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Àwọn mìíràn ka òṣùwọ̀n àgbàdo àti ọkà ráì tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀n fún un lọ́dọọdún, ìwọ̀n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màálù, irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ tó máa fi rànwú, àti ẹṣin tó máa gùn lọ sílé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n so àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ogún ọmọ náà fúnra rẹ̀: bí kò bá ṣe é, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ kò ṣeé gbé dé iwájú adájọ́. Igi tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ṣeé gbé débẹ̀. Bí ohun tí wíìlì fún opó kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́, kó ní ìdámẹ́ta tí òfin fún òun lòun fẹ́.

Gbólóhùn tó ní níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó, mi ò ní gbèjà rẹ̀ tán. Ìdí wà fún un lóòótọ́. Bí opó bá lọ́kọ mìíràn, ọkọ tuntun ló máa gba àkóso ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì kó wọ inú ilé tí àwọn ọmọ olóògbé ń gbé. Ìyẹn ni bàbá ń sá fún. Síbẹ̀ ìdámẹ́ta ti òfin kì í bọ́ lọ́wọ́ obìnrin nítorí pé ó tún lọ́kọ. Ní ibi tí gbólóhùn yẹn bá wà, ọkọ ti fún ìyàwó ní ohun tó kéré sí ti òfin lórí kókó yìí, ó sì fi yàrá kan àti màálù kan di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí òun ti wà nínú sàréè. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí ọkùnrin náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bínú.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí báyìí. Ní Virginia àti Maryland ní nǹkan bí ọdún 1650 sí 1700, ibà àti àwọn àrùn mìíràn ń pa ènìyàn débi pé tọkọtaya kì í pẹ́ pọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì di aláìlóbìí kí wọ́n tó bàlágà. Àwọn ọmọ kò tíì tó ẹni tí wọ́n lè fi oko tábà lé lọ́wọ́. Nítorí náà ọkọ máa ń fi ohun tó ju ìdámẹ́ta lọ sílẹ̀ fún ìyàwó, á sì fi òun gan-an ṣe alákòóso ogún. Nígbà tí ẹ̀mí ń gùn ní Massachusetts tí àwọn ọmọ sì ti di géńdé kí bàbá tó kú, ọmọ ló gba ipò yẹn. Bí ẹ̀mí bàbá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ìyá ń dínkù.

Ẹ bi mí nípa àkọ́bí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí onílẹ̀ bá kú láì kọ wíìlì, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀. Virginia mú òfin yẹn lò bó ṣe wà. Massachusetts kò gbà á. Lọ́dún 1641, nínú àkójọ òfin tí wọ́n pè ní Body of Liberties, wọ́n kọ ọ́ pé àkọ́bí ọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì. Inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un, Deuteronomi orí 21. Nígbà tó fi di ọdún 1692, òfin ti là á pé àwọn ọmọ yòókù, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń gba ọgbọọgba. Bí àgbẹ̀ bá bí ọmọ 4, ọ̀nà 5 ni wọ́n á pín ogún sí, àkọ́bí ọkùnrin á mú méjì, àwọn tó kù á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Connecticut náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan ṣẹlẹ̀ lórí èyí tí gbogbo Connecticut fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn. Wait Winthrop, ọmọ gómìnà kan ní Connecticut, kú ní Boston lọ́dún 1717 láìfi wíìlì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ méjì ló kù láyé: John, àti Anne tó jẹ́ ìyàwó Thomas Lechmere. Bí òfin Connecticut ṣe wí, John á mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, Anne á mú ìdá kan. John kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun, òfin Gẹ̀ẹ́sì lòun fẹ́, gbogbo ilẹ̀ bàbá òun jẹ́ tòun. Ó gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun lọ bá ìgbìmọ̀ ọba ní London. Lọ́dún 1728, ìgbìmọ̀ dá a láre, wọ́n sì wọ́gi lé òfin ogún Connecticut.

Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ lásán. Oko tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti pín láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti kọ́lé sí, tí wọ́n ti tà lára rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àkọ́bí lè dìde lónìí kó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ tòun. Ó di ọdún 1738 kí London tó fọwọ́ sí òfin Massachusetts nínú ẹjọ́ mìíràn, ó sì di ọdún 1745 kí ti Connecticut tó rí ìdáláre. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún, ìwé ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wà lórí omi nítorí arákùnrin kan tí kò fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìdámẹ́ta.

Àmọ́ òfin ìpín yìí, ti ẹni tó kú láì kọ wíìlì ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ lè ṣe bó ṣe fẹ́, ilẹ̀ sì ní ìṣirò tirẹ̀. Oko éékà 100 ń dún bí ohun ńlá létí. Ẹ yọ igbó tí wọ́n ti ń gé igi ìdáná kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ibi tí màálù ti ń jẹko, ẹ yọ pápá koríko tí wọ́n ń gé pamọ́ fún ìgbà òtútù, ẹ yọ ibi olókùúta: ohun tó kù fún ohun ọ̀gbìn kò tó nǹkan. Ọmọ 7 tàbí 8 sì wọ́pọ̀ nílé kan. Bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, ẹnì kankan nínú wọn kò ní rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Andover, ìlú kan ní Massachusetts, fi èyí hàn dáadáa, kò sì jìnnà sí yín. Lọ́dún 1646 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀. Cutshamache, olórí àwọn ọmọ onílẹ̀ Massachusett, ni wọ́n ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, pọ́n-ùn 6 àti ẹ̀wù kan ni wọ́n san. Gbogbo ogún tí wọ́n ń pín níbẹ̀ lẹ́yìn náà, láti inú òwò yẹn ló ti jáde, ó sì yẹ ká máa rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ogún ìdílé nílẹ̀ yẹn. Àwọn bàbá tó kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀ púpọ̀. Wọ́n gé oko fún àwọn ọmọkùnrin wọn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó síbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fún wọn ní ìwé ilẹ̀ títí ikú fi dé. Ọkùnrin lè ti bí ọmọ mẹ́rin, kó ti dáko síbì kan fún ogún ọdún, kí ilẹ̀ náà ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin kò gbéyàwó títí wọ́n fi lé ní ọdún 25, nítorí ìgbà tí bàbá bá tó fún wọn láyè ni wọ́n tó lè dá ilé sílẹ̀.

Nígbà tó di ìran kẹta, ilẹ̀ ti tán. Ẹnì kan á dúró nílé, nígbà mìíràn àbíkẹ́yìn, nítorí òun ló ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí nígbà tí wọ́n darúgbó. Àwọn yòókù á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tàbí kí wọ́n lọ wá ilẹ̀ ní Connecticut, ní New Hampshire, àti níkẹyìn ní Vermont, New York àti Ohio. Ẹni tó gba oko kò sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wíìlì máa ń dá a lé e lórí pé kó san iye báyìí fún ẹ̀gbọ́n, iye báyìí fún àbúrò obìnrin, láàrin ọdún díẹ̀. Ọmọ tí ẹ rò pé ó kó gbogbo nǹkan yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀, gbèsè àwọn àbúrò rẹ̀ sì tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún wíìlì náà kà, ẹ ó rí i bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ilé ẹbí bíi tiwa kò sí. Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá bá kú, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, yálà wọ́n fi ìdí-igi pín in tàbí orí-ò-jorí, kò sì sí ẹnì kan tó lè dá a tà. Níbẹ̀, orúkọ ẹnì kan ló ń wà lórí ilẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ilẹ̀ tí àwọn olówó Virginia máa ń fi òfin dè mọ́ ìran wọn, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á, kí olówó gbèsè má lè gbà á. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ ní ìran kọ̀ọ̀kan, àkọ́bí ọkùnrin ti àkọ́bí ọkùnrin. Àwọn àbúrò kò ní ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Kí wá ni ti ọmọbìnrin? Ẹrù ni. Ilẹ̀ ń tẹ̀lé ọkùnrin, ohun tó ṣeé gbé ń tẹ̀lé obìnrin, ìgbà tó bá ń lọ sílé ọkọ ló sì ń gba ìpín tirẹ̀: bẹ́ẹ̀dì àti ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ kún, aṣọ ọ̀gbọ̀, ìkòkò irin, kẹ̀kẹ́ ìrànwú, màálù kan, àpótí kan. Ẹ má fojú kéré bẹ́ẹ̀dì. Nínú àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé tí àwọn aládùúgbò máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ sábà máa ń wà lára ohun tó níye lórí jù nínú ilé.

Ní àfonífojì odò Connecticut, lápá ìwọ̀-oòrùn Massachusetts, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń ṣe àpótí onígi òákù tí wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ewé sí lára kanlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọbìnrin tó ni ín. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nínú irú iṣẹ́ yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìtàn ogún mọ̀. Hannah Barnard ti ìlú Hadley ló ni ín. Kì í ṣe lẹ́tà méjì ni wọ́n kọ sí i. Odidi orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Lọ́dún 1715 ló fẹ́ John Marsh. Lọ́dún 1717 ló kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Abigail. Lójú òfin, láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni kọ́bọ́ọ̀dù náà ti di ti John Marsh, orúkọ Barnard gan-an sì ti kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ Abigail ló gbà á nígbà tó dàgbà. Nígbà tí Abigail náà bí ọmọbìnrin nílé ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Hannah Barnard Hastings. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà títí dòní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn, Michigan, orúkọ obìnrin náà ṣì wà lára rẹ̀ kedere. Ilẹ̀ Hadley kò gbé orúkọ obìnrin láti ìran dé ìran bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n kùn lọ́dà ló gbé e.

Nínú ẹrù tó ń tẹ̀lé obìnrin yìí, ènìyàn wà níbẹ̀. Mi ò lè dáhùn ìbéèrè yín kí n fo ibẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé, ní àríwá àti ní gúúsù, ẹ ó rí orúkọ ẹrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ màálù àti ohun èlò oko, pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀. Láti ọdún 1662 ni òfin Virginia ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún: ìyá tó bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ló bí. Lọ́dún 1705, wọ́n tún sọ àwọn ẹrú di ohun tí wọ́n ń jogún bí ilẹ̀, kí wọ́n lè máa bá oko lọ sọ́wọ́ ajogún, kí opó sì lè mú ìdámẹ́ta tirẹ̀ nínú wọn.

Ìdámẹ́ta opó kan náà tó dáàbò bo obìnrin inú wíìlì yín, ẹ wo ohun tó ṣe ní Mount Vernon, oko George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́. Daniel Parke Custis, olówó ilẹ̀ ní Virginia, kú lọ́dún 1757 láì kọ wíìlì. Opó rẹ̀, Martha, mú ìdámẹ́ta láti máa lò nígbà ayé rẹ̀, ẹrú sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1759 ó fẹ́ George Washington. Fún ogójì ọdún, àwọn ẹrú Custis àti ti Washington jọ ń ṣiṣẹ́ ní oko kan náà, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ. Nígbà tí Washington máa kú ní December 1799, ènìyàn 317 ló wà lóko ẹrú níbẹ̀, 153 nínú wọn sì jẹ́ ti ogún Custis. Washington kọ ọ́ sínú wíìlì rẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn tirẹ̀ sílẹ̀. Martha sì dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1801. Àwọn 153 yẹn, kò sí nínú wọn tí Washington tàbí Martha lè dá sílẹ̀ nípasẹ̀ wíìlì, nítorí lílò ni Martha ní, àwọn ajogún Custis ló ni wọ́n. Nígbà tí Martha kú lọ́dún 1802, wọ́n pín wọn fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Bàbá tó ti gba òmìnira ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ sí oko kan, ọmọ rẹ̀ sí òmíràn. Òfin ogún ló ṣe é, kò sì sí ẹni tó rú òfin kankan.

Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gba òmìnira ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin àkọ́bí palẹ̀. Georgia kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ lọ́dún 1777 pé ogún ẹni tó kú láì kọ wíìlì yóò jẹ́ ọgbọọgba láàrin àwọn ọmọ. Ní Virginia, Thomas Jefferson, tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, ló gbé e dìde. Edmund Pendleton, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rọ̀ ọ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ lọ́wọ́ àkọ́bí, ó kéré tán kí wọ́n fún un ní ìlọ́po méjì. Jefferson dáhùn pé bí àkọ́bí bá lè jẹ oúnjẹ ìlọ́po méjì tàbí ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì, ó dáa. Bí kò bá lè ṣe é, kó gba bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Òfin náà jáde lọ́dún 1785. Massachusetts pa ìlọ́po méjì tirẹ̀ rẹ́ lọ́dún 1789.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún ọmọbìnrin nílé bàbá rẹ̀ ni ọkọ ṣì ń gbà nílé ọkọ. Abigail Adams, ìyàwó ààrẹ kejì, kọ wíìlì lọ́dún 1816 nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ó sì pín ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrù àti owó rẹ̀ fún àwọn obìnrin: ọmọ ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òfin kò dá wíìlì yẹn mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbà kí wọ́n ṣe bó ṣe wí. Ó di ọdún 1839 ní Mississippi, ọdún 1848 ní New York, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ di ohun ìní tirẹ̀ mú.

Ó ku ọmọbìnrin oníṣílè 5. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn yín balẹ̀ nípa òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye kékeré bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ti gba ìpín tirẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ, bàbá kàn dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó gbàgbé rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n fo orúkọ rẹ̀ lè wá bèèrè ìpín ní kọ́ọ̀tù. Ẹ wo ìparí gbólóhùn náà bóyá wọ́n kọ ọ́ pé èyí jẹ́ àfikún sí ohun tó ti gbà. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìlú ní ọdún tó ṣègbéyàwó: bó bá ti lọ́kọ kí bàbá tó kọ wíìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ sì lọ sí kọ́ọ̀tù ogún ti káńtì (county) tí ìlú náà wà, kí ẹ bèèrè ibi tí àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé náà wà. Wíìlì ń sọ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹrù á sọ fún yín iye màálù tó ní nígbà tó fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀kan.